Ta Ló Ni Sẹ́nétọ̀?

Florida,
9 Oṣù Kọkànlá, 1986.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o. Mo mọ̀ pé yìnyín á ti máa bọ́ ní Saint-Firmin, ẹ ó sì ti gbé bàtà yìnyín yín sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, ẹ ó máa fi òróró pa awọ rẹ̀ bí ẹni ń pa ọmọ lára. Aṣọ péńpé ni èmi wọ̀ bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè jowú. Àbí, kí ẹ jowú díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká máa kọ̀wé síra wa, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí mo tẹ̀ yín láago kẹ́yìn, ẹ̀yin, èmi àti Àǹtí Fernande la jọ sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé okùn tẹlifóònù kan náà ni ẹ̀yin àti àbúrò yín jọ ń lò, ṣùgbọ́n kò yẹ kó máa gbà mí nímọ̀ràn nígbà tí mi ò pè é. Mo gbọ́ ọ tó ń jẹ bísíkíìtì.

Ìròyìn tó wà lọ́wọ́ mi ni pé èmi àti Wendell ọkọ mi ti rí ilé. Àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, ọgbà sì yí i ká. Ẹ rántí pé nígbà tí mò ń lọ, mo ní kí ẹ bá mi tọ́jú Sẹ́nétọ̀ títí màá fi rí ibi tó lè gba ajá. Mo ti rí i. Mò ń bọ̀ wálé ní Sunday tó ṣáájú Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, nígbà tí ẹgbẹ́ oníbàtà yìnyín bá ń gun Òkè Arúgbó. Màá bá yín gun òkè, tó bá di ọjọ́ kejì, èmi àti ajá mi á wọ ọkọ̀ òfurufú. Wendell ti ra bẹ́ẹ̀dì fún un.

Ṣé ẹ ń jẹun? Ẹ má fi búrẹ́dì àti tíì nìkan gbé ara yín ró o.

Ọmọ yín,
Josiane.


Saint-Firmin,
24 Oṣù Kọkànlá, 1986.

Josiane ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo dúpẹ́ pé ara rẹ le, pé o sì ti rí ilé ọlọ́gbà. Bá mi kí Wendell. Mo gbìyànjú láti pe orúkọ rẹ̀ sókè, Sẹ́nétọ̀ gbó mọ́ mi.

Ní ti ajá, wá mú un! Mú okùn dání. O ní kí n tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ yẹn ti di ọdún kẹta. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, inú fìlà mi ló ń sùn. Lónìí, tó bá ti jókòó sórí àga, èmi ni mo máa dìde. Ìwọ lo sọ ọ́ ní Sẹ́nétọ̀, orúkọ náà sì ti ro ó: á jẹ, á sùn, tí ariwo bá sọ, á la ojú kan wò ó, á tún pa á dé.

Tí èmi àti ajá yìí nìkan bá jọ gun òkè ló wá burú jù. O mọ bàtà yìnyín mi, èyí tí bàbá mi fi igi àti awọ hun, tó fẹ̀ bí atẹ, tó sì ní ìrù lẹ́yìn. Orí ìrù yẹn gan-an ni Sẹ́nétọ̀ máa ń gbé ẹsẹ̀ lé. Màá ní kí n gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ò ní gbé, kí n tó mọ̀, mo ti dojú bolẹ̀. Á wá dúró tì mí lórí, á máa wò mí bíi pé ọtí ni mo mu.

Nítorí náà wá mú un, kí ọkàn mi balẹ̀. O ní bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n rà fún un? Ó dáa. Bẹ́ẹ̀dì tí ìyá mi bí mi sí ni mo ṣì ń sùn lé, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní òun fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ fún mi.

Bàbá rẹ,
Léopold Bouliane.

Mo fẹ́ béèrè: ajá tí irun rẹ̀ ki tó báyìí, ṣé ooru ọ̀hún ò ní pa á? Mò ń béèrè ni o.


Saint-Firmin,
15 Oṣù Kejìlá, 1986.

Josiane ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ìpalẹ̀mọ́ Kérésìmesì. Jókòó kó o tó ka èyí.

Sẹ́nétọ̀ ti yarọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, apá òsì. Ó dìde lọ́jọ́ Tuesday, kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí, ó ní ajá yìí ò gbọ́dọ̀ rìn jìnnà, ká má tiẹ̀ wá sọ ti ọkọ̀ òfurufú. Ó ní ẹsẹ̀ ajá máa ń wú tó bá ti wà lókè sánmà. Èmi ò mọ̀, ṣùgbọ́n òun ló kàwé.

Ó dùn mí dọ́kàn. Mo ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Bóyá ká fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, tàbí èyí tó tẹ̀lé e.

Bàbá rẹ tí inú rẹ̀ bàjẹ́,
Léopold.


Florida,
4 Oṣù Kìíní, 1987.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún tuntun. Ẹ bá mi kí arọ náà kú ọdún.

Àǹtí Fernande tẹ̀ mí láago lọ́jọ́ ọdún. Mo béèrè ẹsẹ̀ Sẹ́nétọ̀. Ó ní, “Ẹsẹ̀ wo? Àná níbí ló lé ehoro gba àárín wa bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, díẹ̀ ló kù kó gbé Fádà ṣubú!” Mo béèrè dókítà ẹran. Ó ní dókítà ti kó lọ sí ìlú Québec láti ìgbà ooru. Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ fi ìgbájú kọ́ mi pé irọ́ ò dáa! Tí ẹ bá tiẹ̀ máa purọ́, ẹ má fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí gbogbo abúlé ń rí lójoojúmọ́ purọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ràn ajá yẹn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu yín ò ní bó. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, èmi ni mo sì ni ín.

Ẹ jẹ́ kó yan ẹni tó wù ú. Lọ́jọ́ ìgunkè, kí ẹnikẹ́ni má pè é, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹran sápò. Ẹni tí Sẹ́nétọ̀ bá bá rìn dé ilé onígi tó wà lórí òkè, òun ló ni ín, ọ̀rọ̀ parí. Àǹtí Fernande ni ẹlẹ́rìí. Ó ṣáà ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ yín,
Josiane.


Saint-Firmin,
18 Oṣù Kìíní, 1987.

Josiane,

Mo kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o bú mi. Mi ò purọ́. Ajá náà yarọ lọ́jọ́ tí mò ń kọ lẹ́tà, ara rẹ̀ sì yá lẹ́yìn tí mo fi lẹ́tà sí póòsì. Ọlọ́run ló ń wo ajá sàn.

Fẹ́ràn ajá? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Mo gbà. Kó yàn. Ṣùgbọ́n bóyá oòrùn ibẹ̀ ti pa ìṣe wa rẹ́ lórí rẹ, jẹ́ kí n rán ọ létí. Ẹni iwájú ló ń la ọ̀nà nínú yìnyín tó mu ènìyàn dé orúnkún. Tó bá rẹ̀ ẹ́, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìsọ̀rọ̀, gbogbo ìlà á kọjá lára rẹ̀, á wá tò sẹ́yìn pátápátá níbi tí ẹsẹ̀ àwọn yòókù ti tẹ ọ̀nà le. Ẹnikẹ́ni kì í sọ fún ẹni iwájú pé kó yà. Ẹni tó bá sọ ọ́ ti bú u. Èmi ni mo máa ń wà níwájú láti ìgbà tí ìyá rẹ ti wà láyé, mi ò yà rí, mi ò sì ní torí ajá yà. Iwájú ni Sẹ́nétọ̀ máa wá bá mi, kó o lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí Wendell rà.

Mú ìbọ̀sẹ̀ olówùú wá. Mi ò fẹ́ gbọ́ ẹkún lórí òkè.

Bàbá rẹ,
Léopold.


Saint-Firmin,
6 Oṣù Kẹta, 1987.

Josiane, ọmọ tí ajá já jù sílẹ̀,

Mo kí ọ o. Ṣé o gúnlẹ̀ láyọ̀? O lọ láàárọ̀ Monday láìmu kọfí, o ní ọkọ̀ máa fi ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sán ni ọkọ̀ rẹ.

Jẹ́ kí n tún un sọ fún ọ, nítorí mo ti sọ ọ́ fún gbogbo abúlé, ṣe ló sì ń dùn sí i. A gbéra ní ẹsẹ̀ òkè, èmi níwájú, ìwọ lẹ́yìn mi, àwọn ẹgbẹ́ yòókù tẹ̀ lé ọ, Fernande lẹ́yìn pátápátá, Sẹ́nétọ̀ lẹ́yìn Fernande bó ṣe máa ń ṣe. Ò ń bojú wẹ̀yìn, o wá ń ṣe bí ẹni tí kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà lẹ́bàá àpáta, ni mo bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Gbogbo ìlà dúró. Fernande ṣe àmì àgbélébùú. Rosaire, tó ti ń retí láti ìgbà èwe rẹ̀ pé kí n yà, ní, “Léopold, ṣé bàtà ló já ni àbí ayé ló parí?” Mo ní, “Máa lọ jàre, ẹlẹ́nu bí ilẹ̀kùn àká!” Gbogbo yín kọjá lára mi, mo sì tò sẹ́yìn Fernande. Ta ló wá wà lẹ́yìn mi? Ajá tí yìnyín mù dé ọrùn, ṣé ó máa lúwẹ̀ẹ́ kó lè bá ọ níwájú ni? Ọ̀nà tó le ni ajá ń tẹ̀ lé, ọmọ mi, kì í tẹ̀ lé ìfẹ́. O ti gbàgbé. Bí o ṣe rí i pé iwájú ṣófo ni o ki ara bọ̀ ọ́ bí adìyẹ tó rí àgbàdo. Gbogbo ohun tí mo kọ sí ọ pé mi ò ní yà, ìdẹ ni.

Ká ní o tiẹ̀ gbọ́n díẹ̀, ò bá yà. Kó o yà báyìí, kó o tò sẹ́yìn mi, ajá di tìrẹ nìyẹn. Rosaire ń dúró, gbogbo wọn ń dúró. Ó tì! Olórí kunkun! Ìwọ nìkan lo la ọ̀nà dé òkè, o sì ń rìn bí ìgbín, tí àwọn èèyàn ń kùn lẹ́yìn rẹ. Rosaire ní, “Léopold, ọmọ yìí fẹ́ fi òtútù pa wá. Ta ló kọ́ ọ nírìn?” Mo ní èmi ni.

A dé ilé onígi, wọ́n bu ọbẹ̀ ẹ̀wà gbígbóná fún wa, Sẹ́nétọ̀ sì fi orí lé bàtà mi. O bẹ̀rẹ̀, o fọwọ́ pa á lórí, o wá gbójú sókè wò mí títí. Mo ti ń dúró kó o bú mi. Tí wọ́n bá borí èmi, èébú ni mo máa ń bú wọn.

Kọ̀wé. Bú mi díẹ̀ kí ara tù wá.

Bàbá rẹ tó borí,
Léopold.


Saint-Firmin,
22 Oṣù Kẹta, 1987.

Josiane,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mi ò rí lẹ́tà. Mo bi ẹni tó ń pín lẹ́tà, ó ní òun kọ́ ló ń kọ ọ́, òun kàn ń gbé e kiri ni.

Mo tẹ̀ ọ́ láago. Èmi o! Ó dún títí. Fernande sọ látinú ilé tirẹ̀ pé, “Gbé e sílẹ̀, Léopold, ọmọ náà ò sí nílé.” Mo ní, “Báwo lo ṣe mọ̀?” Ó ní òun náà ti ń pè ọ́.

Àbí ohun tí mo kọ ló dùn ọ́? Eré ni. Ìwọ náà mọ bí ẹnu mi ṣe rí. Ìyá rẹ máa ń sọ pé tí mo bá kú, wọ́n máa ní láti sin ẹnu mi lọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ tajá ni, wá mú un. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí o. Mo ti wẹ̀ ẹ́. Ó bínú sí mi, ó sì ń rùn bí ọṣẹ. Wá mú un, Josiane, ṣáà kọ̀wé.

Bàbá rẹ,
Léopold.


Florida,
5 Oṣù Kẹrin, 1987.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí lẹ́tà yín méjèèjì gbà. Mo kọ èsì àkọ́kọ́, mo fà á ya. Mo tún un kọ, mo tún fà á ya.

Ẹ ní mo gbàgbé. Ọmọ Bouliane ni mí, orí òkè yẹn ni ẹ ti kọ́ mi nírìn. Ta ni nílé wa tí kò mọ ibi tí ajá ń rìn? Nígbà tí mo kọ̀wé pé kí Sẹ́nétọ̀ yàn, mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Ẹ̀yin ò ní yà láéláé, èmi á díbọ́n pé okùn bàtà mi tú, màá jẹ́ kí gbogbo wọn kọjá, màá wá tò sẹ́yìn. Èmi ni mo fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Mo ti ń fi ojú wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà nígbà tí ẹ̀yin kọ́kọ́ dúró.

Èmi ni mo wà lẹ́yìn yín, bàbá mi. Mo gbọ́ èémí yín. Ó ń dún bí ayùn tí wọ́n fi ń la igi tútù. Ẹ dúró, ẹ ní okùn bàtà tú. Okùn tí ẹ̀yin bá so kì í tú. Ẹ tún rìn díẹ̀, ẹ wá yà, ẹ sì ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀wù níbi àyà. Ìdẹ kọ́ nìyẹn. Ẹ ti purọ́ ẹsẹ̀ ajá, ẹ má purọ́ èyí.

Nígbà tí mo bọ́ síwájú, mo mọ̀ pé tí mo bá yà, ajá á di tèmi. Ṣùgbọ́n Rosaire ló máa gba iwájú, ẹ sì mọ Rosaire, bí ẹni tí wọ́n ń lé ló ń rìn. Ẹ̀yin á fẹ́ bá a dọ́gba nítorí ìtìjú, a ó sì wá fi aṣọ ìbora gbé yín sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ni mi ò ṣe yà. Mo rìn bí ìgbín kí ẹ lè rójú mí. Mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi, mo sì ń gé ètè jẹ. Tí mo bá sọ ìdí rẹ̀ lójú wọn, ẹ ò ní dárí jì mí títí ayé. Nígbà tí mo padà débí, ẹsẹ̀ ń ro mí débi pé mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wendell ló ń gbé mi bí àpò ọ̀dùnkún.

Inú ń bí mi lóòótọ́. Ó tẹ́ yín lọ́rùn kí ẹ pe ọmọ yín ní òmùgọ̀ káàkiri abúlé ju kí ẹ sọ pé àyà ń dùn yín lọ. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Ìyá mi ti lọ, ẹ̀yin nìkan ló kù.

Mi ò fẹ́ kí ẹ dá ajá padà. Mi ò fi ta yín lọ́rẹ o, iṣẹ́ ni mo gbé fún un. Ẹni tó ń dá gbé nílò ẹni tó máa gbó tó bá ṣubú. Ẹ lọ rí dókítà. Dókítà èèyàn ni mo wí, kì í ṣe èyí tó ti kó lọ sí Québec.

Ọmọ yín,
Josiane.


Saint-Firmin,
21 Oṣù Kẹrin, 1987.

Josiane ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọdún Àjíǹde. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán, inú bí mi, mo jù ú sínú iná. Mo tún yọ ọ́ kíákíá. Etí rẹ̀ kan ló jóná, àwọn ọ̀rọ̀ tó dùn mí ṣì wà níbẹ̀ pérépéré.

Mo lọ rí dókítà. Ọmọdé kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì pé. Ó ní ọkàn mi ti rẹ̀. Mo ní ta ni tiẹ̀ ò rẹ̀? Ó ní kí n má gun òkè mọ́, kí n máa rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí n sì máa lo oògùn. Mò ń lò ó. Tí o bá rò pé mò ń purọ́, bi Fernande, ó ń kà á mọ́ mi lọ́wọ́.

Òótọ́ ni gbogbo ohun tó o sọ. Lẹ́bàá àpáta yẹn, mo rò pé ó ti parí fún mi. Ẹ̀rù bà mí, Josiane. Ajá ni mo fi bojú.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí pé mo ti bà ọ́ jẹ́ lójú àwọn èèyàn. Mo lọ bá Rosaire nídìí igi tó ń là. Mo ní, “Rosaire, ọmọ mi kì í ṣe òmùgọ̀. Nítorí mi ló ṣe rọra ń rìn.” Rosaire ò gbójú sókè. Ó ní, “Léopold, gbogbo wa la gbọ́ bó o ṣe ń mí. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ló máa gbà kí ọmọ Florida dá wa dúró sínú òtútù? A kàn ń kùn kó o má bàa fura ni.” Ẹ̀yin tí mo rò pé mo tàn jẹ, gbogbo yín lẹ jọ gbé mi gun òkè, mo sì wá ń fọ́nnu kiri abúlé. Mo jókòó sórí igi rẹ̀ títí ó fi ní òun fẹ́ là á.

Ọjọ́ Sunday ni ẹgbẹ́ pé jọ láti yan ẹni tó máa ṣíwájú lọ́dún tó ń bọ̀. Rosaire ti dìde, ó ti tún fìlà pupa rẹ̀ dé. Mo ní kó jókòó. Mo ní Josiane ni. Ó ní, “Èyí tó wà ní Florida?” Mo ní òun náà ni. Wọ́n wo ara wọn, kò sẹ́ni tó jiyàn.

Nítorí náà, wálé. Mú Wendell dání, kó wá kọ́ bí a ṣe ń ṣubú. Èmi máa dúró ní ẹsẹ̀ òkè títí o fi máa sọ̀ kalẹ̀. Tí ó bá rẹ̀ ọ́ lọ́nà, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíákíá, má ṣe bíi tèmi. Ara Sẹ́nétọ̀ le, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tajá ni mo fi ń pè ọ́.

Bàbá rẹ,
Léopold.